Gbólóhùn Tí Bàlúù Gbé Lọ

Bí mo bá ti gbóòórùn òrí, pàápàá òrí tí oòrùn ti yọ́ díẹ̀ nínú abọ́, kíá ni ọkàn mi ń padà sí ilé kan ní Ìsọlọ̀, ní apá ibi tí àdúgbò ti ń fẹ́ wọ Àjàó Estate. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, márùn-ún wo márùn-ún lójú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ sì wà láàárín wọn. Òrí yẹn kì í dá rùn o. Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ máa ń bá a dé láti ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú ti ẹrẹ̀ gọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde, àti òórùn kan bíi ti kẹrosíìnì tí àwọn bàlúù ń tú dà sórí wa bí wọ́n ti ń lọ balẹ̀ ní pápákọ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí ló dùn nínú ìyẹn. Kó ṣáà máa wí. Ilé tí mò ń gbé báyìí ní balùwẹ̀ tirẹ̀, omi ń yọ nínú rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, síbẹ̀ àárò ilé yẹn kò yé sọ mí.

Ẹni tí kò bá gbé àdúgbò yẹn rí kò lè mọ ohun tí bàlúù ń fi ojú ọ̀rọ̀ rí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá lórí wa, débi pé o lè ka táyà abẹ́ wọn. Àwo á máa gbọ̀n lórí tábìlì, o ò ní gbọ́ rédíò mọ́. Nítorí náà a ní àṣà kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa: bí bàlúù bá ti ń bọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á dúró síbi tó bá a, kódà kó jẹ́ àárín ọ̀rọ̀. Á la ẹnu sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ náà á dúró dè é. Bí bàlúù bá kọjá tán, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti já. Mo ti rí tọkọtaya tó ń jà, tí wọ́n dúró, tí ọwọ́ ìyàwó ṣì wà lókè, tí wọ́n ń wo ara wọn títí bàlúù fi lọ, tí ọkọ wá bú sẹ́rìn-ín. Bí ìjà ọjọ́ yẹn ṣe parí nìyẹn. Àlejò tó bá wá kí wa máa ń rò pé orí wa kò pé.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń gbé nígbà náà, èmi àti òun àti ọmọ rẹ̀ nínú yàrá kan. Ẹ̀gbọ́n mi ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ire-Akari. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sókè Ọya, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó gbúròó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, mo ti ríṣẹ́ sí ilé ìwé aládàáni kékeré kan ní Ọ̀kọ́tà, Yorùbá ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìwọ náà mọ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi, o mọ bí mo ṣe máa ń gbé imú sókè bí mo bá ti mọ nǹkan kan. Nígbà yẹn ó burú ju báyìí lọ. Ọjọ́rú, Ọjọ́rú ni mo máa ń pe ọ̀rọ̀ fún kíláàsì kejì kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: igba, igbá, ìgbà, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ẹsẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ tó bá gbé àmì síbi tí kò yẹ á gbọ́ tẹnu mi. Fi àwọn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn o, àwọn ni wọ́n wá dá mi lẹ́jọ́.

Mopé ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ń fi ìdí wọ́ tẹ̀ lé wọn. A ti gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà tẹ eegun rẹ̀ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, ká mú sùúrù, ká sì máa jẹ́ kó gbìyànjú àtidúró. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ju "ẹ mú sùúrù" lọ, ó sì gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ní kó máa lọ sunkún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ lórí fóònù pé nínú ìdílé tàwọn, ọmọ kì í pẹ́ rìn. Ìwọ náà mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ohun kan tún wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ tó ń jẹ ẹ́: bàbá wa kò fẹ́ ọkọ tó fẹ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ bá ọkùnrin náà láìgba àdúrà bàbá, bàbá sì kú kí wọ́n tó rí ara wọn. Ó ti wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló so ọmọ lẹ́sẹ̀.

Yàrá tó gbẹ̀yìn lápá ẹ̀yìn ni obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbàdàn ń gbé. Opó ni, yóò ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun ló ń tọ́jú Mopé bí ẹ̀gbọ́n mi àti èmi bá ti gba ibi iṣẹ́ lọ. Láràárọ̀, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí ẹní, á gbé ọmọ lé e, á máa fi òrí ra á láti ìbàdí dé ọmọ ìka. Lẹ́yìn náà á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú ọmọ, Mopé á dì í mú, á máa gbìyànjú láti gbéra. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni màmá yìí, kò sì lè pe "ṣ" bó ti wù kó gbìyànjú tó. Iṣu di isu, iṣẹ́ di isẹ́, èmi tíṣà di tísà. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Mo máa ń ní, "Ìyá, ẹ bá mi pa òwe ṣàṣà èèyàn yẹn." Á ní, "Sàsà èèyàn ní í fẹ́ni lẹ́yìn bí a ò sí nílé, tajá tẹran ní í fẹ́ni lójú ẹni." Màá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. "Tísà, ó dáa, ìwọ lo gbọ́ Yorùbá." Ọgbọ̀n ìgbà ni mo ti gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu rẹ̀. N ò gbọ́ ohun tí òwe náà ń wí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í, ó sì tú ọ̀rọ̀ bàbá wa fún un. Èmi nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nínú ilé yẹn. Ìyá Ìbàdàn fi etí sílẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán, kò sọ ju "pẹ̀lẹ́, ọmọ mi" lọ. Ìyẹn dun ẹ̀gbọ́n mi díẹ̀, ó ti ń retí ọ̀rọ̀ ìtùnú.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ mọ́ Sátidé, Sátidé ìparí oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó. Gbogbo ilé ti jáde. Èmi dúró nínú gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ẹrẹ̀ dé mi lọ́rùn ẹsẹ̀, inú mi kò sì dùn. Ìyá Ìbàdàn wà lórí ẹní rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ń ra Mopé lára. Obìnrin tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní yàrá iwájú ń gbálẹ̀ kọjá, ó wá bi í léèrè pé, "Ìyá Ìbàdàn, kí ló ń ṣe ọmọ yìí gan-an tí kò fi fẹ́ rìn?" Bàlúù kan ti ń bọ̀ lókè. Mo gbọ́ ohùn màmá náà kedere kí ariwo tó dé: "Ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ẹ̀ ni."

Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Ká sọ tòótọ́, ó fi "s" pè é, kò lè ṣe kó má fi "s" pè é. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ìyá Ìbàdàn kì í pe "ṣ", nítorí náà, kí etí mi tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, orí mi ti bá a tún un ṣe. Bàlúù dé, ó bò wá mọ́lẹ̀. Mo rí màmá náà tó tẹrí ba sórí ọmọ, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń mì. Mo ní, háà, ó tún ń sọ ọ́ nìṣó! Àṣà ilé wa ni pé ká dúró kí bàlúù kọjá, ká wá béèrè pé ibo lẹ bá ọ̀rọ̀ dé. Èmi tíṣà Yorùbá kò dúró. Mo sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó di ẹ̀yìnkùlé níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń fọṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbọ́ ohun tí Ìyá Ìbàdàn ń sọ fún wọn níta? Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ dá ni kò jẹ́ kí Mopé rìn!"

Wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo gbọ́, wo iye tí mo fi jíṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ìfófòó ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Kò sáré, ó rọra rìn dé ìta, ó já ọmọ gbà lẹ́sẹ̀ màmá náà, òrí sì mú kí ọmọ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Ìwọ obìnrin yìí! Torí pé mo finú hàn ọ́?"

Gbogbo ará ilé dá ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì dúró. Kì í ṣe torí ìbínú rẹ̀. Torí "ìwọ" yẹn ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò pe àgbàlagbà ní ìwọ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ìyá Ìbàdàn fi ọwọ́ tó kún fún òrí lé àyà. Ó ní, "Kí ni mo se?" Mo tún fò wọ̀ ọ́: "Ẹ ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀ ni?" Ó wá pariwo, "Èmi ò sọ ẹ̀sẹ̀ o! Ẹsẹ̀ ni mo wí!" Gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀ hó yèè. "Ẹ gbọ́ ọ, ó tún un sọ!" Ìwọ náà wo ìyọnu tó bá ọmọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ tó fi ń gbèjà ara rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń kàn án mọ́gi jọra lẹ́nu rẹ̀, ohùn díẹ̀ ló sì yà wọ́n. Nínú ariwo yẹn, ta ló fẹ́ gbọ́ ohùn díẹ̀?

Bí ilé ṣe pín sí méjì nìyẹn. Yàrá márùn-ún iwájú wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, yàrá márùn-ún ẹ̀yìn wà lẹ́yìn Ìyá Ìbàdàn. Àwọn tó ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í to kẹ́ẹ̀gì omi ní ìlà méjì nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n á pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á wo ògiri. Kódà, o ò ní gbà mí gbọ́, a kò dúró fún bàlúù mọ́. Ṣe ni kálukú á gbóhùn sókè kó lè borí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ibi tí wọ́n ń gba ọmọ tọ́jú ní òpópónà kejì, ó gbé Mopé lọ síbẹ̀. Orí àga ni wọ́n ń to àwọn ọmọ sí níwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Bó bá dé ilé, á fi ìdí wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi á lọ gbé e padà, á máa ké. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó dáwọ́ gbígbéra dúró pátápátá. Bí a bá gbé e nàró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ, á jókòó. Láràárọ̀ ni a ń bá òrí nínú abọ́ kékeré lẹ́nu ọ̀nà wa, a kò béèrè ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á fi ẹsẹ̀ tì í sápá kan. Èmi ni mo máa ń rí i bí màmá náà bá wá gbé e padà nírọ̀lẹ́, màá sì ṣe bí ẹni pé n ò rí i.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún ọ tí n kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi títí dòní. Ní Ọjọ́rú kan láàárín ìgbà yẹn, mo pe "ẹ̀ṣẹ̀" fún kíláàsì kejì, ọmọbìnrin kan sì kọ "ẹsẹ̀". Mo ké mọ́ ọn. Ó gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo kọ ọ́." Mo dúró níwájú pátákó, ẹfun lọ́wọ́, ohùn Ìyá Ìbàdàn sì padà wá sí mi létí, kedere: ohùn àárín ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Tàbí kí n sọ pé mo fura. Mo nu pátákó, mo lọ sílé, mo pa ẹnu mi mọ́. Ìtìjú ni. Báwo ni màá ṣe sọ fún odidi ilé pé èmi tí mò ń fi Yorùbá jẹun ni n kò gbọ́ Yorùbá? Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ bá lánlọ́ọ̀dù nígbà náà pé bí wọn kò bá lé màmá yẹn jáde, òun á kó jáde.

Lánlọ́ọ̀dù wa jẹ́ Alhaji kan, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ń ta páìpù omi ní Òṣòdì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pe ìpàdé sí ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bùtà tó fi ṣe àlùwàlá ṣì wà lẹ́bàá rẹ̀. Àwa iwájú tò sí apá kan, àwọn ẹ̀yìn tò sí ìkejì. Ìyá Ìbàdàn ti di ẹrù rẹ̀. Mo rí àpótí ìjókòó yẹn tí ó ti dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí àpò rẹ̀.

Bàbá lánlọ́ọ̀dù ní, "Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wọn gan-an?"

Gbogbo ojú kọjú sí mi. Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ní... Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀ ni, sà."

"Nígbà tí wọ́n sọ ìyẹn tán, kí ni wọ́n tún sọ?"

Mo wo ilẹ̀. "Bàlúù ń kọjá, sà."

"O ò dúró kó kọjá?"

"N ò dúró, sà."

Ó wo apá iwájú, ó wo apá ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé mi, ìgbà wo la ti jáwọ́ nínú dídúró fún bàlúù nínú ilé yìí? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìyá, ẹ sọ̀rọ̀ yín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ wọn títí wọ́n á fi sọ pé àwọn parí."

Ìyá Ìbàdàn dìde. Ó gba bùtà lọ́wọ́ Bàbá, ó wá kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Àgbàlagbà kúnlẹ̀! Gbogbo wa ṣe háà, ṣùgbọ́n a rántí àṣẹ Bàbá. Ó fọwọ́ kan bàtà ẹ̀gbọ́n mi pé kó bọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ ọ. Ó da omi sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní kó tẹ sìmẹ́ńtì gbígbẹ. Ó gba Mopé, ó rẹ ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀. Ó wá sún sẹ́yìn kí a lè rí i. Ìwọ náà mọ bí ipa ẹsẹ̀ ṣe máa ń rí, ó máa ń ní ibi tó wọnú láàárín. Àwọn méjì tó wà nílẹ̀ yẹn kò ní in. Wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka, ńlá àti kékeré, wọ́n jọra bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀kan wọn ìkejì.

Ó gbá itan ara rẹ̀. "Ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tá a fi ń rìn ni mo wí. Ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni ìyá ẹ̀ ń ti balùwẹ̀ bọ̀ tí mò ń rí ipa ẹsẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Mo ti fi òrí ra ọmọ tó pọ̀, irú ẹsẹ̀ yìí máa ń pẹ́ kó tó gbéra. Sùgbọ́n ìyá ẹ̀ ńkọ́? Sé òun náà kò padà rìn ni?"

Ó ní, "Mo parí."

Ipa ẹsẹ̀ méjèèjì ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n títí, ó wá wó lulẹ̀ lórí eékún rẹ̀ méjèèjì. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú sí mi, ẹ jọ̀ọ́." Ẹ̀yin ti padà. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n ò mọ ìgbà tí mo ṣe é, ẹkún kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Màmá náà fọwọ́ gbá mi lórí fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní, "Tísà, dìde. Ìwọ lo gbọ́ Yorùbá." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi pe ìyá wa ní Ìkìrun, ó bi í léèrè ìgbà tí òun fi rìn. Mo gbọ́ ohùn màmá wa nínú fóònù: "Ìwọ? Ó kù díẹ̀ kó o pé ọdún méjì! Bàbá rẹ ló máa ń gbé ọ lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó máa rìn yípo àgbàlá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìsọkúsọ sí ọ." Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sílẹ̀, ó sunkún bí mi ò ti rí i kó sun ún lọ́jọ́ tí a sin bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí, ojú rẹ̀ mọ́. Ó dìde, ó gbé Mopé lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e rìn káàkiri yàrá.

Mopé padà sórí ẹní Ìyá Ìbàdàn. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di àpótí mú, ó gbéra, ó sì fi í sílẹ̀. Bàlúù ń kọjá lọ́wọ́. Gbogbo wa dúró pẹ̀lú ẹnu yíyà, a ń wò ó, ó gbé ọ̀kan, ó gbé ìkejì, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìgbà tí bàlúù lọ tán ni ilé tó hó. Ẹni tó gbọ́ ariwo yẹn láti òpópónà á rò pé a jẹ tẹ́tẹ́ ni.

Ó ti pẹ́. Wọ́n ti wó ilé yẹn, wọ́n ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i. Mopé ga jù mí lọ, ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn náà ló fi ń gba bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé rẹ̀. Èmi ṣì ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Lóde òní tí ọ̀rọ̀ ti di bó o bá ti la ẹnu, wọ́n ti mọ ìlú rẹ, wọ́n ti mọ ẹni tó o dìbò fún, wọ́n sì ti bá ọ parí ọ̀rọ̀ rẹ, mo máa ń rántí pé èmi gan-an ti ṣe é rí. Etí mi kò di. Ohun tí mo ti mọ̀ nípa obìnrin yẹn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó ń sọ láti ráyè wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, pàápàá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bí mi nínú, mo máa ń bi í kí n tó fèsì pé, "Ṣé ẹ ti parí?" Wọ́n rò pé mò ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbàdàn padà sílé rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo lọ kí i níjọ́ tó ṣe díẹ̀ sẹ́yìn, òrí lọ́wọ́ mi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ṣùgbọ́n ó mọ ohùn mi. Mo bi í léèrè ohun tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ yẹn: "Ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àṣà ilé wa, kí ló dé tí ẹ ò dúró kí bàlúù kọjá kẹ́ ẹ tó parí ọ̀rọ̀ yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò parí ẹ̀? Ẹni tó bi mí ti gbálẹ̀ kọjá lọ, ìwọ ti ń sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Ọmọ nìkan ló ń wò mí lẹ́nu. Mo bá parí ẹ̀ sí i létí pé, ìyá ẹ náà padà rìn."

Nínú gbogbo àwa tí a gbọ́ Yorùbá nínú ilé yẹn, ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ nìkan ló gbọ́ gbólóhùn náà dé òpin. Òun náà ló sì dìde tó rìn.